Íntánẹ́ẹ̀tì Ojú Ọ̀run fún Ilé Oko

Kí díìṣì íntánẹ́ẹ̀tì tó dé oko wa lẹ́yìn Igbó-Ọrà, orí àpáta kan létí oko kajú la ti ń pe èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbé oko náà. Wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí àwọn dúró sí lórí àpáta yẹn àti ibi tí ó yẹ kí àwọn kọjú sí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yọ ìlà kan lójú fóònù. Bí òjò bá rọ̀, àpáta á máa yọ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ gùn ún. Àwọn ọmọ wọn tó wà nílùú ọba á pè títí, ìpè kò ní wọlé, ọkàn wọn kò sì ní balẹ̀ títí di ọjọ́ ọjà tí ìyá wọn bá wọ ìlú.

Lónìí, ilé tí iná ìjọba kò dé, tí òpó MTN tàbí Airtel kò sì sún mọ́, lè ní íntánẹ́ẹ̀tì tó já gaara. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Starlink, iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀run, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Mo ti bá àwọn ará ilé àti àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà gbé díìṣì wọn kalẹ̀, nǹkan kan náà ni mo sì ń bá pàdé nílé kọ̀ọ̀kan. Díìṣì fúnra rẹ̀ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Iná ló ń dá a sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe iná, igi ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ èèyàn pé kó má tíì ra díìṣì. Kó kọ́kọ́ ṣírò iná rẹ̀, kó sì jáde síta, kó wo òkè.

Ohun tó ń kọjá lókè ilé yín

Sátẹ́láìtì kì í ṣe oríṣi kan. Irú èyí tí àwọn bánkì àti iléeṣẹ́ epo ti ń lò tipẹ́ wà ní òkè réré, ó jìnnà sí wa tó kìlómítà 35,786. Bí ayé ṣe ń yí lòun náà ń yí, nítorí náà ojú kan náà la máa ń rí i tọ̀sán tòru. NigComSat-1R tí Nàìjíríà rán sókè ní oṣù Kejìlá ọdún 2011 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀nà yẹn jìn púpọ̀: bí ẹ bá ń fi í bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ ó ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ ó ti dákẹ́ díẹ̀ kí ohùn ẹnì kejì tó dé, ẹ̀yin méjèèjì á sì máa já lu ara yín lẹ́nu.

Ti Starlink kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Kìlómítà 550 tàbí kó dín díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà sókè, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ tó ń bọ̀ wéréwéré. Ṣùgbọ́n ohun tó bá sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lójú kan. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń yí ayé ká ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 95. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń lò lókè orílé yín, á sì lọ, díìṣì á gbá òmíràn tó ń bọ̀ mú.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Díìṣì DStv la mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìhà ìlà oòrùn ló ń wò ní ilẹ̀ wa, bí igi bá wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò kàn án. Ti Starlink kò rí bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀run tó tẹ́jú ló ń fẹ́, lọ́tùn-ún, lósì, níwájú, lẹ́yìn. Igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó láti máa gé ìpè yín ní ìgbà gbogbo tí sátẹ́láìtì bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Ìṣirò iná

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ gbogbo ohun tí yóò máa jẹ iná sílẹ̀, ẹ kọ iye wáàtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ, ẹ sì fi iye wákàtì tí ẹ ó fi lò ó lójúmọ́ sọ ọ́ di púpọ̀.

Díìṣì ńlá tí wọ́n ń pè ní Standard ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 75 sí 100. Èyí kékeré, tí wọ́n ń pè ní Mini, ń jẹ 25 sí 40. Nílé tó ní iná ìjọba, ìyàtọ̀ yìí kò tó nǹkan. Nílé oko, òun ló ń pinnu bóyá ẹ ó ra bátìrì kan tàbí méjì. Èmi ò ní fi í pamọ́ fún yín: fún ìdílé kan tó ń gbé oko, Mini ni kí ẹ rà. Kò yára tó Standard, ṣùgbọ́n ó tó fún ìpè olójúkojú, ó tó fún ẹ̀kọ́ ọmọ, ó tó fún fídíò alẹ́. Ẹ jẹ́ kí Standard wà fún ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí oko ńlá tí èèyàn púpọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bí a ṣe ṣírò ti ẹ̀gbọ́n mi rèé. Mini, wáàtì 30 fún wákàtì 18, nítorí pé a ń pa á láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí: 540. Gílóòbù mẹ́ta, wáàtì méje-méje, wákàtì márùn-ún: 105. Fóònù àwọn ará ilé: 60. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ọmọ wọn tó ń kàwé, wáàtì 60 fún wákàtì mẹ́rin: 240. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 945 wáàtì-wákàtì lójúmọ́.

Ó ku oòrùn, nítorí ara sólà ni iná ilé oko ti ń wá. Ẹ má fi ti oṣù Kejì ṣe ìṣirò, nígbà tí oòrùn ń ta bí iná. Oṣù Keje àti Kẹjọ ni kí ẹ fi ṣe é, ìgbà tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run láti àárọ̀. Lásìkò yẹn, ẹ má ka oòrùn gidi ju wákàtì mẹ́ta àbọ̀ lọ lójúmọ́. Ẹ pín 945 sí 3.5, ẹ ó rí 270. Ooru, eruku àti wáyà á gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ohun tí sólà bá mú wá, nítorí náà pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 360 ni ó kéré jù. A ra 400.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 100Ah tó jẹ́ 12.8 fóltì ń gba 1,280. Bí a bá lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, kó má bàa gbẹ tán, ó ku díẹ̀ lé ní 1,000. Ìyẹn á gbé ilé náà fún ọjọ́ kan péré. Bí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, tí ọjọ́ kejì náà tún ṣú, òkùnkùn dé nìyẹn. Nítorí náà 200Ah la mú. Bátìrì àtijọ́ tí a ń bu omi sí kò wọ́n tó lítíọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré lẹ lè lò láìba á jẹ́: 200Ah rẹ̀ kò ju 1,200 lọ lójú iṣẹ́. Bí ẹ bá ń fi owó wé owó lọ́jà, èyí gan-an ni kí ẹ fi wé ara wọn. Ẹ má wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì gbé e lọ́wọ́ wò kí ẹ tó sanwó. Mo ti rí bátìrì tí wọ́n kọ 200Ah sí lára, tí ó fúyẹ́ bí àpótí òfìfo. Kò pé oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Inverter ń kọ́? Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tàbí fáànù tí ẹ fẹ́ tàn, ẹ ní i. Ṣùgbọ́n ẹ má so díìṣì mọ́ ọn bí ẹ bá lè yẹra fún un. Inverter ń jẹ iná tirẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí ohun tó ń tàn, bẹ́ẹ̀ ni díìṣì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtì 18. Iná tààrà láti ara bátìrì ni Mini ń gbà, láti 12 fóltì dé 48, nítorí náà kò nílò inverter rárá.

Wáyà

Ibi tí mo ti jìyà nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Láti ibi bátìrì nínú yàrá dé ibi òpó díìṣì nílé ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ mítà 15. Mo ní wáyà tín-ín-rín kan nílé, irú èyí tí wọ́n fi ń so gbohùngbohùn. Mo rò pé wáyà ni wáyà. Mo fi í so ó, díìṣì tàn, gbogbo wa yọ̀, mo padà sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi pè ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. "Àbúrò mi, ó tún ti lọ o. Á wá, á lọ, á wá, á lọ." Kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ kejì, ìpè já. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Lálẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní bóyá sátẹ́láìtì ni, mo ní bóyá díìṣì ló bàjẹ́.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo dúró di alẹ́, mo fi mítà kan ẹnu wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì: 13 fóltì. Mo mú mítà náà lọ síta, mo fi kàn án nídìí díìṣì bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ: 10.6. Wáyà tín-ín-rín yẹn ti jẹ ju fóltì méjì lọ lójú ọ̀nà. Díìṣì tó ń fẹ́ ó kéré tán 12 ń rí 10, ó ń kú, ó ń jí. Lọ́sàn-án, sólà ń ti bátìrì gòkè dé 14, ìyẹn ni kò fi hàn. Bí tiyín bá ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́, ẹ má tíì fi ẹjọ́ díìṣì sun ẹnikẹ́ni, ẹ wọn fóltì nídìí rẹ̀ ná.

Bí a ṣe tún un ṣe rèé: a ra wáyà 2.5 mm², a sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé fóltì sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, tó ń sọ 12 di 24. Bí fóltì bá ga, iye iná tó ń gba inú wáyà á dín kù, ohun tí wáyà ń jẹ náà á sì dín kù. Nísinsìnyí, ohun tó ń sọnù lójú ọ̀nà kò tó ìdajì fóltì. Ẹ fi fíùsì 10 áńpì sídìí bátìrì, ní ibi tó sún mọ́ ọn jù lọ, nítorí bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí wáyà rẹ̀ bá kan ara wọn lè dáná sun ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí.

Ẹ ki wáyà bọ inú páìpù rọ́bà, kí ẹ sì rì í sínú ilẹ̀ jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Eku ń gé wáyà, ẹni tó ń ro àyíká ilé náà lè fi ọkọ́ gé e láìmọ̀.

Ibi tí díìṣì yóò dúró sí

Ẹ wa app Starlink sórí fóònù yín *kí ẹ tó kúrò nílùú*. Ó dà bí ẹni pé kò yẹ kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó gbé díìṣì dé oko, tó wá rántí pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí òun yóò fi wa app. App yẹn á ní kí ẹ gbé kámẹ́rà fóònù sókè kí ẹ máa yí i káàkiri ojú ọ̀run. Bí ẹ bá ṣe tán, á sọ fún yín bóyá ibẹ̀ dára.

Oṣù Kìíní la ṣe tiwa. Ọyẹ́ mú, igi tíkì méjì tó wà lẹ́yìn ilé ti wọ́wé tán, ẹ̀ka gbígbẹ ló kù. App ní kò sí ìdíwọ́. Ó di oṣù Kẹfà, ewé tíkì ti padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ìpè sì ń já ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra. Ewé tútù, àgàgà tí òjò bá rọ̀ sí i lára, kì í jẹ́ kí ohun tí díìṣì ń sọ kọjá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbé e kalẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó fojú inú wo bí igi kọ̀ọ̀kan yóò ti rí nígbà òjò. Kó sì fi kún un pé máńgòrò kékeré òní, ọdún mẹ́ta sí i, kò ní kéré mọ́.

A kò gé tíkì náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ pé, "Kí ló dé tí ẹ ò gbé e lọ síbi tí a ń sá láfún?" Ó yà mí lẹ́nu pé n kò ronú kàn án. Ibi tí obìnrin ilé kan bá ti ń sá láfún sí, wọ́n ti yan ibẹ̀ tipẹ́ nítorí pé òjìji kì í bò ó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ojú ọ̀run ti ṣí níbẹ̀. Etí ibẹ̀ la ri òpó mọ́, láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ igi ti tán. Bí ilé yín bá ní irú ibẹ̀, ẹ má wá ibòmíràn.

Òpó onírin ni kí ẹ lò. Ikán kì í jẹ́ kí òpó onígi pẹ́. A ri páìpù náà sínú ihò kan, a fi kọnkéré dì í, a sì fi ojú wo bó ṣe dúró ṣánṣán kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ. Kò pọn dandan kó ga. Òpó gíga ń mì nínú ìjì. Ẹ má sì kan díìṣì mọ́ orí páànù bí ààyè bá wà nílẹ̀, nítorí ihò ìṣó ni òjò ń gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tí ẹ lè máa rí i láti ojú fèrèsé yàrá tí ẹ ń sùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ro ìdí rẹ̀ àti àyíká pánẹ́ẹ̀lì dáadáa, kí iná ìgbẹ́ má bàa rí ohun gbà débẹ̀.

Nínú díìṣì Mini ni Wi-Fi wà. Bí ilé bá jìn sí òpó, tàbí bí ògiri amọ̀ bá nípọn, fóònù tó wà ní yàrá ìkẹyìn kò ní rí i. Ẹ lè fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ẹ̀yìn díìṣì wá sínú ilé, kí ẹ fi router kékeré kan sí i lẹ́nu.

Ìforúkọsílẹ̀ àti ètò inú app

Oko kò ní nọ́ńbà ilé. Lórí máàpù ni kí ẹ ti tọ́ka sí ibi tí ilé wà gan-an, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù wá sí àdírẹ́sì ìlú. Ètò Residential wà fún ojú kan, Roam wà fún ẹni tó ń gbé e kiri. Owó rẹ̀ ń yí padà: ₦38,000 ni wọ́n ń gbà lóṣù ní 2024 kó tó di pé wọ́n fi kún un, nítorí náà ẹ wo iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rà. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, wọn kò gba oníbàárà tuntun ní Èkó àti Àbújá fún ìgbà kan, nítorí pé àwọn tó ń pín ojú ọ̀run kan náà ti pọ̀ jù. Lóko, ẹ kò pọ̀, èyí sì wà lára ohun tó dára nínú rẹ̀.

Bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ wọ inú app, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Snow Melt sí, kí ẹ pa á. Ètò tí díìṣì fi ń gbóná kí yìnyín ilẹ̀ òkèèrè má bàa bò ó ni. Nílé wa, bátìrì lásán ló lè jẹ. Níbẹ̀ náà lẹ ó ti rí ètò oorun, tí díìṣì yóò fi máa pa ara rẹ̀ lálẹ́ tí yóò sì jí láàárọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí Wi-Fi yín. Kì í ṣe ìwà ahun. Fóònù aládùúgbò márùn-ún tó ń tún app ara wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan náà á gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Ètò Residential kò sì fàyè gbà yín láti máa tà á.

Òjò, àrá àti ọjọ́ ọjà

Òjò ńlá á gé íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, bí ó bá dá, á padà. Àrá ni kí ẹ bẹ̀rù, pàápàá nínú oṣù Kẹta sí Karùn-ún, àti Kẹsàn-án sí Kẹwàá. Ẹ ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ nídìí òpó, kí ẹ so òpó mọ́ ọn. Kò sí wáyà tó lè gba ẹ̀rọ là lọ́wọ́ àrá tó bá sán lù ú gan-an, nítorí náà, bí òjò bá ṣú tí àrá ń kù, ẹ yọ wáyà díìṣì kúrò lára bátìrì. Ẹ kọ́ gbogbo ará ilé, ọmọdé tó lè ṣe é pẹ̀lú. Nílé ẹ̀gbọ́n mi, a fi bébà pupa yí ẹnu wáyà náà ká kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ èyí tí kò yẹ.

Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu eruku orí pánẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú un gbóná.

Nǹkan kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ títí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń já. Bí ẹ bá fẹ́ fi káàdì bánkì san owó oṣù, bánkì á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ kí owó tó lọ. Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ni nọ́ńbà yẹn ń gbà wá, kì í sábà gba orí Wi-Fi. Ẹ lè ní íntánẹ́ẹ̀tì tó já gaara nínú ilé, kí ẹ má sì lè san owó rẹ̀, nítorí pé òpó kò dé ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà, ẹ san án nígbà tí ẹ bá wọ ìlú, kí ọjọ́ tó pé. Ọjọ́ ọjà tó kẹ́yìn nínú oṣù ni ẹ̀gbọ́n mi yàn fún un. Wọ́n á jókòó ní ìsọ̀ ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta ata, wọ́n á wọ gíláàsì wọn, wọ́n á dúró títí nọ́ńbà náà yóò fi wọlé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọjà.